Wọ́n Ti Sin Bàbá Ojú-Yín, Rédíò Ò Gbà Kó Kú

Micah Ọlágòkè kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ilé rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀ṣọ̀, ní Iléṣà. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ náà la sin ín. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Sátidé, ilé iṣẹ́ rédíò tó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún kí i lórí afẹ́fẹ́. Wọ́n ní ara rẹ̀ le koko. Wọ́n ní kó máa gbádùn bọ́ọ̀lù bọ̀ nínú ilé.

Ẹnì kan kọ́ ló sọ ọ́ fún mi, mo wà níbẹ̀. A jókòó sábẹ́ ìbòrí tí wọn ò tíì tú. Àga tí wọ́n yá fún ìsìnkú ṣì wà nílẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ń fọ ìkòkò lẹ́yìnkùlé. Ìyá Julianah, opó rẹ̀, ní kí wọ́n bá òun tan rédíò, nítorí àkókò bọ́ọ̀lù ti tó, kò sì sí Sátidé kan tí rédíò kì í sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn láti ìgbà tí ó ti wọ̀ ọ́ ní ìyàwó. Wisdom, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ipò Bàbá nídìí sísọ bọ́ọ̀lù ní Rédíò Gbóhùnwa l'Óṣogbo, ló wà nídìí gbohùngbohùn. Ó kí èrò pápá, ó kí àwọn ọlọ́lá tó jókòó síbi òjìji, lẹ́yìn náà ló wá ní: "A kí bàbá wa, àgbà ọ̀jẹ̀, Bàbá Ojú-Yín, nílé wọn n'Íléṣà. Ara wọn le koko, ara wọn dá ṣáṣá, agbo Arálekoko ni wọ́n ń mu. Bàbá, ẹ máa gbádùn wa bọ̀ o."

Ọwọ́ gbogbo wa dúró. Ẹnì kan na ọwọ́ láti pa rédíò náà, Ìyá Julianah sì ní kó fi í sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ rédíò bí ẹni tí àlejò kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wá dá a lóhùn ní Ìjẹ̀ṣà, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Wọn kò sí nulé."

A gbọ́ bọ́ọ̀lù náà dé òpin. Mi ò lè sọ ẹni tó borí fún yín.

Kí n tó máa lọ, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Mò ń pe Bàbá ní "ó" nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ń pe ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ àgbà. Àwọn tí mo fẹ́ bá wí pọ̀, àwọn ló ń jẹ́ "wọ́n" lónìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi Bàbá mú mọ́ wọn.

Àwọn ọmọ tó ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè lórí fóònù ò ní mọ ẹni tí mò ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Òṣogbo nígbà tí rédíò ṣì ń lo bátìrì ńlá, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni, láti Ìfẹ̀wàrà. Ilé wa wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, bàbá mi Sàláúdéènì sì jẹ́ télọ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, a máa gbé rédíò sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, gbogbo àdúgbò á sì kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí pápá nínú wa. A ò lówó ìwọlé. Ṣùgbọ́n a máa ń rí bọ́ọ̀lù náà ju àwọn tó wà ní pápá lọ.

Ìdí ni pé Ọlágòkè kì í sọ pé ọ̀tún tàbí òsì. Ó ní ẹni tó wà nílé ò lè mọ ọ̀tún ẹni tó wà ní pápá. Ìlú ló fi ń júwe. Á ní, "Bọ́ọ̀lù ti kúrò lápá Òkè-Fíà, ó ń bọ̀ wá sí apá odò, ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ ṣọ́ra, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀." Gbogbo wa á sì sún sẹ́yìn. Bàbá mi, àgbàlagbà, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Á tún ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ò rí i, ẹ fọkàn balẹ̀, èmi lojú yín." Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Yorùbá gidi tó gún régé ló máa ń sọ, àfi tí bọ́ọ̀lù bá wọlé. Tó bá ti wọlé, gbogbo ìwé tó kà á fò lọ, ọmọ Ìfẹ̀wàrà inú rẹ̀ á jáde: "Ó ti wọ ulé o, ó ti wọ ulé!" Àwa ọmọ Òṣogbo tí a ò mọ ọ̀nà Iléṣà rárá, bí a bá gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rá láàárín ilé, "ulé" là ń pariwo. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ẹni tó pe ilé ní ulé, ara mi á kọ́kọ́ yá gágá kí n tó rántí pé mo ti dàgbà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí. Ọlágòkè kì í bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù láìdárúkọ òkú. Kí fèrè tó dún, á sọ ẹni tó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ nínú àwọn ènìyàn bọ́ọ̀lù: aṣọ́lé àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́, ìyá tó ń ta omi lẹ́nu géètì, ọkùnrin tó ń gé koríko pápá, rẹfirí tí gbogbo wa ti bú rí. Á pe orúkọ, á sọ iṣẹ́ tó ṣe, á sọ ilé tó ti wá, á wá dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rédíò, ẹ mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń sá fún jù. Àwọn ọ̀gá bá a wí títí. Ó ní òkú tí a ò bá túfọ̀ rẹ̀, ojú ọ̀nà la fi í sí.

Nígbà tí bàbá tèmi kú, a sin ín lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn wa ti wí. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n lọ. Màmá mi Àpìkẹ́ wọ tákábà opó, kò sunkún. Ó jókòó, ó ń wo ògiri. A bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Nígbà tó di Sátidé, ẹnì kan tan rédíò láìronú. A kàn gbọ́ ohùn Ọlágòkè: "Sàláúdéènì télọ̀, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti re ibi àgbà ń rè. Òun ló ń rán nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn aṣọ àwọn ọmọ wa. Gbogbo nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń gbọ́ lẹ́nu mi, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá." Ó wá dákẹ́. A gbọ́ afẹ́fẹ́ pápá nínú rédíò. Màmá mi ní, "Wọ́n ti sọ ọ́ báyìí. Ó ti kú." Ìgbà yẹn ló tó sunkún, ara wa sì balẹ̀. Mi ò mọ bí Ọlágòkè ṣe gbọ́. Ẹ̀sìn kan náà kọ́ la jọ ń ṣe, ìlú kan náà kọ́ la ti wá.

Ọkùnrin yìí ni Rédíò Gbóhùnwa ò gbà kó kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó pa á. Rédíò Gbóhùnwa ló kan pákó jọ sókè ní ẹ̀gbẹ́ pápá, tí wọ́n ń pè ní ilé ìròyìn. Àkàbà onípákó ni wọ́n ń bá gùn ún. Pákó ìtẹsẹ̀ kan ti já nínú àkàbà náà, òmíràn sì ń mì. Ọlágòkè sọ fún wọn. Ó sọ fún wọn lẹ́nu, ó tún sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ nígbà kan, ó fi ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ti gun igi kòkó rí n'Ífẹ̀wàrà, ṣùgbọ́n igi kòkó kì í gbọ̀n. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn á mójú tó o. Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ ibi tó ń mì náà, ó já, ó fi ìbàdí balẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè dá dìde mọ́. Ìbàdí ló kọ́kọ́ kú, ìyókù ara tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.

Ta ló wá wò ó? Ìyá Julianah ní àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ wá, àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti hewú wá, pásítọ̀ wá. Ilé iṣẹ́ rédíò ńkọ́? Iléṣà ha jìnnà sí Òṣogbo tó bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ ò ha ń ná an lójoojúmọ́? Wọn ò wá. Dípò kí wọ́n wá, wọ́n dá ìkíni kan sílẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kí Bàbá Ojú-Yín nílé rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń dá a lọ́lá. Nígbà tó yá, àwọn alágbo kan bá wọn sọ̀rọ̀, ìkíni náà sì di ìpolówó ọjà. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń mu agbo Arálekoko lórí rédíò, tí ara rẹ̀ sì ń le.

Bàbá ò tọ́ agbo náà wò rí. Wọn ò tilẹ̀ gbé ìgò kan ránṣẹ́ sí i. Ìyá Julianah ní bí wọ́n bá ti kí i, á rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn tí kò lè yí ara padà lórí rẹ̀, á ní kí wọ́n bá òun bá ọkùnrin tí ara rẹ̀ le yẹn pààrọ̀ ara. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Mo fẹ́ mọ ibi tí omi tí Ọlágòkè dà ṣàn gbà.

Ẹ má sọ pé wọn ò gbọ́ pé ó kú. Ìléríolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀, dìde láti Iléṣà lọ bá Ọ̀gá Ọdúntán, tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ náà, ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kò bèèrè owó, kò bèèrè pósí. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni màmá òun ní kí òun wá tọrọ: kí wọ́n dárúkọ bàbá òun ní Sátidé, kí fèrè tó dún, bí Bàbá náà ti ṣe fún gbogbo ayé. Ọ̀gá Ọdúntán bá a kẹ́dùn gan-an. Ó dìde lórí àga. Ó ní àwọn á mójú tó o. Gbólóhùn kan náà tí wọ́n sọ nípa àkàbà nìyẹn.

Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ohun tí mo gbọ́ lábẹ́ ìbòrí yẹn, èmi náà lọ bá a. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní òun máa ń ka ohun tí mo ń kọ. Ó wá ṣàlàyé fún mi, kò sì gbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ìdí tí iná mànàmáná fi lọ.

"Àdéhùn àwọn alágbo ò tíì parí," ló wí. "Títí bọ́ọ̀lù ọdún yìí á fi kásẹ̀ nílẹ̀ la ní a ó máa kí wọn. Tá a bá sọ pé wọ́n ti kú, agbo wo la tún fẹ́ polówó? Ẹ wò ó, a ò ní kẹ́ ẹ má sin wọ́n. Orí afẹ́fẹ́ nìkan la ní kí wọ́n ṣì wà."

Mo rò pé inú máa bí mi. Ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ jọ. Ṣùgbọ́n ṣe ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀. Ara mi kú tipiri, bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé.

Mo pàdé Wisdom nísàlẹ̀. Ó mọ̀ pé Bàbá ti kú. Bàbá ló kọ́ ọ níṣẹ́, Bàbá ló sọ fún un pé kó má sọ pé ọ̀tún tàbí òsì. Kò lè wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo bá sọ ọ́, kí n má gun àkàbà yẹn mọ́." Àkàbà yẹn kan náà ni. Wọ́n fi ìṣó méjì kan án, wọ́n ní ó ti dáa. Mi ò ní bá ọmọ náà wí jù. Ẹni tí ebi lè pa, a kì í bi í ní ìdí tó fi pa ẹnu mọ́. Ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́ ni mò ń wá.

Ẹ̀yin kan á máa sọ pé, kí ló wá burú níbẹ̀? Òkú ò gbọ́ rédíò. Ìkíni ò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí Òkè-Ẹ̀ṣọ̀, kẹ́ ẹ jókòó ti opó náà.

Lẹ́yìn Sátidé mélòó kan, mo padà lọ kí i. Mo bá a lójúde. Kò pẹ́ tí bàbá àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, láti Ìwàrà, pẹ̀lú iṣu tó so pọ̀. Láti ẹnu géètì ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò ní Sátidé pé ara ọ̀rẹ́ òun ti dá ṣáṣá, òun sì ní kí òun fi iṣu tuntun wá bá a yọ̀. Ó ń nawọ́ sí yàrá, ó ń pe Bàbá ní orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n jọ ń jẹ́ nígbà èwe. Ìyá Julianah dìde, ó gba iṣu náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á jókòó. Ó sọ fún un. Ó sọ ọjọ́ tó kú, ó sọ ọjọ́ tí wọ́n sin ín, ó sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Kò yára, kò sunkún. Ó hàn pé ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí. Bàbá yẹn yẹ̀ kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti fún un lómi, tó sì ti lọ, opó náà sọ fún mi pé bàbá yẹn kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn Sátidé kọ̀ọ̀kan ni irú wọn máa ń wá. Wọ́n ń wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn kan ń gbé adìyẹ wá. Àwọn kan ń bi í pé níbo ni ènìyàn ti lè rí agbo náà rà.

"Uṣẹ́ Bàbá ni wọ́n gbé fún mi," ló wí. "Gbogbo ulú ló ti gbọ́ ikú ẹni ẹlẹ́ni lẹ́nu wọn. Ní báyìí, èmi nìkan ni mò ń tú ọ̀fọ̀ tiwọn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti sọ ọ́ fún ẹnì kan, ó máa ń dà bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n kú."

Yorùbá ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Tiwa tún ti burú ju ti òwe lọ. Ọkùnrin yìí ò sunwọ̀n lójú wọn láàyè, wọn ò sì jẹ́ kó kú kó lè dère. Àwọn tó ń ṣàkóso eré bọ́ọ̀lù náà ńkọ́? Ṣé àwọn náà ò gbọ́ ni? Wọ́n wà níbi òjìji lọ́jọ́ tí wọ́n kí òkú. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn wá síbi ìsìnkú lánàá ọjọ́ náà, mo rí i, ó jẹun. Kí ló de tí kò dìde? Àbí agbo náà ti kan òun náà lára?

Mi ò béèrè ère. Mi ò ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà, a ti mọ bí òpópónà tí wọ́n fi orúkọ òkú pè ṣe máa ń rí. Mo ń béèrè pé kí Rédíò Gbóhùnwa jáde sọ ẹni tí Ọlágòkè fi ọ̀rọ̀ àkàbà lọ̀, tó sì ní òun á mójú tó o. Ẹni náà lórúkọ. Kó wá sọ fún wa ohun tó ń ṣe ní gbogbo àkókò tó fi ń mójú tó o. Kí wọ́n wó àkàbà náà lulẹ̀ kó tó wó ọmọ ẹlòmíràn. Kí àwọn alágbo sì wá ẹni tó wà láàyè tí ara rẹ̀ le, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kù ní ìpínlẹ̀ yìí, kí ó máa bá wọn mu agbo wọn.

Ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró di ọjọ́ Ajé. Ti Sátidé ni kò lè dúró.

Kí n tó kúrò ní Òkè-Ẹ̀ṣọ̀, mo bi Ìyá Julianah bóyá ó ṣì máa tan rédíò. Ó ní òun á tan án.

"Bí wọ́n bá tún kí wọn ńkọ́?"

"Màá tún dá wọn lóhùn. Àbí ta ni yóò ṣe é?"

Ọ̀gá Ọdúntán, ẹ má jẹ́ kí obìnrin yìí tún dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn gbé gbohùngbohùn, kó sọ pé Micah Ọlágòkè, ọmọ àgbẹ̀ kòkó, láti Ìfẹ̀wàrà, ti kú, pé òun ni ojú wa. Lẹ́yìn náà, kó dákẹ́. Kí fèrè tó dún.